Ọ̀gá Bá-mi-pààrọ̀-ẹ̀

Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló ń wa Camry ọdún 2003 tí wọ́n ń pè ní "Big Daddy", tàbí Accord ọdún kan náà tí àwa ará Nàìjíríà sọ ní "End of Discussion", bó tilẹ̀ jẹ́ pé àríyànjiyàn ò tíì parí lórí ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ara mọ́tò ń dán, táyà dúdú minimini, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn awakọ̀ ti kọ̀, kò ṣí mọ́. Bí òde bá tú, ẹ wo bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé: á ká agbádá léjìká, á na ẹsẹ̀ kan kọjá lórí jíà, fìlà á kan òrùlé, etí agbádá á há mọ́ búréèkì ọwọ́, síbẹ̀ á máa juwọ́ sáwọn èèyàn látojú fèrèsé. Ẹ bi í léèrè ohun tó ṣe ilẹ̀kùn, á ní, "Ẹ má dá àwọn ríwáyà yẹn lóhùn, olè ni wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pààrọ̀ lọ́ọ̀kì yẹn!" Ohun tí ò sọ ni pé ẹnì kankan ò tíì wádìí ilẹ̀kùn náà rí, òun fúnra rẹ̀ ni ò sì jẹ́ kí wọ́n wádìí ẹ̀. Ríwáyà tó bá ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ iná ẹ̀ wò, ẹ máa sanwó iṣẹ́ o," á gba èsì lójú ẹsẹ̀: "Owó kí ni? Kí lo pààrọ̀?" Ohun tó bá ṣeé gbé sọ́wọ́ nìkan ni ọ̀gá wa ń sanwó fún.

Bẹ́ẹ̀ ìwádìí ọ̀hún kò le. Bí gbogbo ilẹ̀kùn bá dákẹ́ pọ̀, ta ló máa gbà pé ẹ̀rọ lọ́ọ̀kì mẹ́rin jọ kú lọ́jọ́ kan? Fíúùsì, rílè tàbí súìṣì ọ̀dọ̀ awakọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, inú ilẹ̀kùn yẹn àti wáyà tó wọ inú ẹ̀ lọ̀rọ̀ kù sí. Wáyà yìí gba inú rọ́bà kan kọjá, níbi tí ilẹ̀kùn ti kan ara mọ́tò. Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, á nà. Tí wọ́n bá tì í, á ká. Lẹ́yìn bí ogún ọdún irú èyí, bàbà inú wáyà lè já, kí ara wáyà sì wà bó ṣe wà, kéèyàn máa rò pé kò sóhun tó ṣe é. Ìdí nìyẹn tí lọ́ọ̀kì kan fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀, tí á sì kú tí wọ́n bá ti pa á dé. Kí ríwáyà fi tẹ́sítà kan wáyà méjèèjì tó lọ sídìí ẹ̀rọ lọ́ọ̀kì, kí ẹlòmíì máa tẹ súìṣì: iná bíi fólítì 12 á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, á lọ. Bí iná bá dé tí ẹ̀rọ ò mira, ẹ̀rọ ló kú. Bó bá ń dún gẹrẹgẹrẹ tí kò fa nǹkan kan, eyín inú ẹ̀ ló ti jẹ tán. Bí iná ò bá dé rárá, wọn ìbáà fi ẹ̀rọ oníwúrà síbẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́. (Ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí láti ìta tí kò ṣí láti inú tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín ju gbogbo ẹ̀ lọ. Irin kékeré kan wà létí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ń sé e mọ́ àwọn ọmọdé. Ìka kan tó láti yí i padà.)

Dípò tẹ́sítà, ọjà Ládípò, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ni ọ̀gá ń rán ríwáyà lọ. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára mọ́tò tó dàgbà tó tirẹ̀ ni wọ́n á gbé bọ̀, wọ́n á yọ èyí tó ṣeé ṣe kó máà ní àrùn kankan, wọ́n á sì fi arúgbó rọ́pò arúgbó. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá tú pánẹ́ẹ̀lì, kílíìpù á kán, ọ̀rá tó ń dènà omi lẹ́yìn ẹ̀ á ya. Ilẹ̀kùn ti wá ń mì pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀ báyìí lójú títì, òjò sì ti ń wọlé sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n á ní àwọn ríwáyà ló ń purọ́. Àwọn kan ń purọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá ń sanwó kìkì ọjà tí kì í sanwó òye, ọjà náà ni wọ́n á máa tà fún un. Ọ̀gá yìí kan náà ló ń fowó sílẹ̀ kí babaláwo tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀, kò sì bi babaláwo rí pé kí ló pààrọ̀. Àwọn mìíràn á ní pípààrọ̀ pàápàá, àyẹ̀wò ni. Mo gbà, bí wọ́n bá lè so ẹ̀rọ náà mọ́ wáyà kí wọ́n tó rà á, kí wọ́n sì dá a padà bí kò bá ṣiṣẹ́. Ta ló ń gba ohun tó ń lo iná padà ní Ládípò lẹ́yìn tí wọ́n ti tú u lò? Àwàwí tó kù ni pé mọ́tò ti gbó. Gbígbó rẹ̀ gan-an ló sọ ibi tó yẹ kéèyàn wò fún wa: inú rọ́bà yẹn.

Nítorí náà, bí ilẹ̀kùn tiyín bá dákẹ́, ẹ sọ fún ríwáyà yín pé ẹ ó san owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, yálà ó pààrọ̀ nǹkan tàbí kò pààrọ̀, kó sì fi tẹ́sítà hàn yín ibi tí iná dúró sí, kí ó tó tú kílíìpù kan.