Oríkì Àpótí Àbá, Agbọ́-má-fèsì Ọba Ẹnu Ọ̀nà

Àpótí Àbá o!
Agbọ́-má-fèsì, ọmọ páálí indómì.
A-yanu-má-sọ̀rọ̀, ọkọ bíró tí kò ní tàdáwà.
Wọ́n fi bébà ẹ̀bùn wé ọ lára, o ń dán yinrinyinrin.
Wọ́n fi abẹ la ẹnu fún ọ láàárín orí;
ẹnu náà fẹ̀ tó láti gba ẹ̀sùn, kò fẹ̀ tó láti dá ẹnikẹ́ni lóhùn.
Ọba tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí kò kí ẹni tó ń wọlé,
tí kò bi ẹni tó ń bínú jáde pé kí ló dé.
Èmi ọmọ Ore ni mo wá kí ọ,
ọmọ oríta tí ọkọ̀ Èkó ti ń pàdé ọkọ̀ Bìní,
tí ti Oǹdó àti ti Òkìtìpupa tún ń ya wọ̀ ọ́.

Bí ohùn mi bá lọ sókè jù, má bínú. Ní ìlú wa, ẹni tí kò lè pariwo kò lè ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún èrò inú bọ́ọ̀sì. Kí dẹ́rẹ́bà tó tẹ iná mọ́tò, o gbọ́dọ̀ ti pe ọjà, ti ná an, ti gbowó, ti dá ṣéńjì padà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohùn tí mo fi ń ki ọ yìí.

Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe pàdé. Àwa kan wà ní Ore àti Odigbo tí a fẹ́ràn ìwé àwòrán àti eré àwòrán dé góńgó. A máa ń dá owó ọkọ̀ jọ, a ó gba ọ̀nà márosẹ̀, a ó kọjá J4 àti Ìjẹ̀bú-Òde, a ó forí lé Èkó níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ti ń péjọ. Ẹlòmíràn á ti múra láti ilé bí akọni tó fẹ́ràn. Ọmọbìnrin kan nínú wa wọ aṣọ Ìyanu, ọmọ inú ìtàn tí Roye Okupe kọ, tí Cartoon Network bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní ọdún 2025. Àwọn agbèrò gáréèjì yí i ká, wọ́n ń bèèrè pé òrìṣà wo ló ń lọ bọ. Ìyá oníṣu kan ní kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, pé ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè ló ń lọ. A ò já ìyá nírọ́. Ó ṣáà gbà wá sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì pe tiwa ní ìwà ọmọdé. Ọdún 1967 tí àwọn ọmọ ogun Biafra kọjá odò Ọya, tí wọ́n sì dé Ore kí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó lé wọn padà, ọdún yẹn náà ni ìwé ìròyìn Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Fọ́tò àwọn òṣèré tíátà ló fi ń sọ ìtàn lójú ewé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lára àwòrán. Bàbá àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí ti jìjàdù ẹ̀dà rẹ̀ rí.

Ní ti àpéjọ, Lagos Comic Con tí Ayodele Elegba dá sílẹ̀ ní 2012 ló la ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń tọ̀. Èyí tí mo ti mọ̀ ọ́, Àpótí Àbá, ọmọ ẹ̀yìn ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo ṣì fẹ́ padà lọ, mo sì fẹ́ràn àwọn tó ń ṣe é; owó àpò ara wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kéré, a fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo ara wa lórúkọ. Ẹni tó yàwòrán ìwé á jókòó tì ọ́, á fi ọwọ́ rẹ̀ ya ojú rẹ sí ẹ̀yìn èyí tí o rà. Àpéjọ wá ń dàgbà. Ìlà kọjá géètì, ó yí ògiri po, ó lọ pàdé oníbọ̀ọ̀lì lójú títì. Owó tíkẹ́ẹ̀tì dàgbà. Owó omi inú ọ̀rá dàgbà ju ti tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni kò dàgbà: ilẹ̀kùn méjì ìjọ́sí náà ni, ọ̀kan sì wà ní títì pa, wọ́n ní ti àwọn àlejò pàtàkì ni.

Ọdún tí àròyé pọ̀ ni wọ́n gbé ọ jáde, ìwọ akọni. Mo rí ọ dáadáa lọ́jọ́ náà. Orí tábìlì oníke ni wọ́n gbé ọ kà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi òwú so bíró mọ́ ọ lára kí ẹnikẹ́ni má baà jí i gbé, òwú náà sì kúrú débi pé ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé gbọ́dọ̀ tẹ̀ bà fún ọ. Ṣé ẹ rí i? Kí a tó sọ pé ẹsẹ̀ ń ro wá, a ti kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún páálí.

Àpótí Àbá, Ajẹ-bébà-má-yó!
A fún ọ ní ọ̀rọ̀ ìlà, pé aago mẹ́sàn-án ni ìwé ìpolongo pè, aago méjìlá ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. O gbé e mì.
A fún ọ ní ọ̀rọ̀ máíkì tó ń hó ṣùrù bí ẹni ń dín àkàrà nígbà tí òǹkọ̀wé tí a tìtorí rẹ̀ wá ń sọ̀rọ̀. O gbé e mì.
A fún ọ ní ọ̀rọ̀ àwọn ayàwòrán tó sanwó tábìlì, tí wọ́n lọ kó sí ìdí jẹnẹrétọ̀, tí èéfín ń pọ́n wọn lójú. O gbé e mì.
Ọmọ wa tó múra bí Ìyanu wá síwájú rẹ pẹ̀lú omijé, nítorí ọ̀dọ́kùnrin kan fa irun orí rẹ̀ láti fi ya fọ́tò, kò tọrọ àyè. Ó tẹ̀ bà, ó fa òwú, ó kọ ọ́. Ìyẹn náà, o gbé e mì, kò há ọ lọ́fun.
Ìjà Ore tí àwọn àgbà ń sọ pé ó le kú, ó nígbà tó parí.
Ikùn tìrẹ ò nígbà tó kún!

Kòlò ni ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹnu yín jọra, ọ̀nà kan náà lẹ ń gbà jẹun. Ṣùgbọ́n ọdún Kérésì kì í ré kòlò kọjá. Ọmọ tó ń fi owó sí i á fọ́ ọ mọ́lẹ̀, á ka ohun tó wà nínú rẹ̀, á fi ra bàtà. Ìwọ ni àgbà tí a kì í fọ́. Lẹ́yìn àpéjọ, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ gbé ọ nílẹ̀, ó mì ọ́ wò, ó bojú wo inú rẹ. Mo wà nítòsí, mo yọjú sí i. Ọ̀rá gúgúrú wà níbẹ̀, ìdérí ìgò wà níbẹ̀, bébà wa náà wà níbẹ̀ ní kíká mẹ́rin-mẹ́rin. Ó bi alága rẹ̀ pé níbo ni kí òun gbé e sí. Alága ní, “Gbé e sínú bọ́ọ̀tù, a máa wò ó.” Bọ́ọ̀tù! Ààfin rẹ nìyẹn, Kábíyèsí, láàárín ife oníke àti táyà àfirọ́pò.

Kí n má sì purọ́, àwa gan-an máa ń fún ọ ní ìyẹ̀fun tí kò ṣe é rò. Ẹnìkan kọ “ẹ gbìyànjú sí i.” Ẹlòmíràn kọ “gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́.” Ẹnìkan ní kí wọ́n pe Wizkid. Mo gbọ́ pé ẹnìkan fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀ pé òun ń wá ìyàwó tó mọ ìtàn Guardian Prime, akọni inú ìwé àwòrán, látorí dé ẹsẹ̀. Kí ni alága fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹni tó kọ pé “láàárín aago kan sí aago mẹ́ta, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin kò ní omi, kò sì sí ẹni tí a lè pè,” òun ló kọ̀wé. Àwọn tó kù ń fi bíró ṣeré.

Ìròyìn ayọ̀ sì dé: o ti bímọ! Fọ́ọ̀mù orí fóònù lorúkọ ọmọ. Òun kì í fẹ́ bíró, kì í fẹ́ tábìlì. Fóònù lo máa fi ya àmì onígun mẹ́rin tó wà lára ògiri. Àwa ará Ore ya á, ṣùgbọ́n a ti wà nínú bọ́ọ̀sì kó tó ránṣẹ́ sí wa, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀. Ó bèèrè pé báwo la ṣe gbádùn tó. Mẹ́ta ni èsì tó ní kí a mú nínú wọn: mo gbádùn, mo gbádùn gan-an, mo gbádùn kọjá àfẹnusọ. Ẹni tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ṣì wà nímú rẹ̀ kò rí ibi tí yóò tẹ̀. Bí o bá sì tẹ èyíkéyìí, ó ti dá ọ lóhùn kí o tó mí: “A dúpẹ́, ohùn rẹ ṣe pàtàkì sí wa.” Ọmọ yìí kọjá bàbá rẹ̀! Bàbá ò fèsì rárá. Ọmọ ń fèsì láìgbọ́.

Àwọn ọ̀tá rẹ wà, mo sì gbọ́dọ̀ dárúkọ wọn kí o lè máa ṣọ́ra fún wọn. Ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, àpéjọ irú tiwa kan bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní òtẹ́ẹ̀lì U.S. Grant, nǹkan bí 300 èèyàn ló wá ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Lóde òní, àwọn tó ń wá lé ní 130,000. Ìlà wọn burú ju tiwa lọ fíìfíì, nítorí àwọn èèyàn máa ń sùn síta mọ́jú kí wọ́n lè wọ gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ń pè ní Hall H, tí kò gbà ju nǹkan bí 6,500 lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tí gbogbo rẹ̀ ń parí lọ, wọ́n ní ìpàdé kan tí wọ́n sọ ní Talk Back. Ààrẹ wọn nígbà kan, John Rogers, tó kú ní 2018, máa ń jókòó síwájú níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá lẹ́dùn ọkàn á dìde síwájú máíkì, á sọ ọ́ sí i lójú, ọkùnrin náà á gbọ́, á dá a lóhùn níṣojú èrò. Ní 2014 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so ọ̀já mọ́ ọrùn ọwọ́ àwọn tó tò fún Hall H, kí ẹni tó ti gba tirẹ̀ lè wá ibi rọ orí lé. Ìlà kò tán o. Ìlà kì í tán níbi tí èèyàn ti tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sùn síta mọ ẹni tó lè bi. Ní àpéjọ irú rẹ̀ ní New York, ní ọdún 2014 yẹn kan náà, wọ́n gbé pátákó síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á, pé ẹni tó múra bí akọni kò tìtorí bẹ́ẹ̀ yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fọwọ́ kàn. Irú omijé ọmọ wa yẹn ló bí pátákó náà.

Ọ̀tá rẹ tún wà nílé. Ní Kétu, bí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá dé, akọrin tí à ń pè ní Ẹ̀fẹ̀ á jáde lóru sí ojú ọjà, á sọ ti ìjòyè tó ṣe ohun tí kò tọ́, ojú ìjòyè náà ni yóò sì ti sọ ọ́. UNESCO kan sárá sí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ Òkèbàdàn, ọmọdé á bú àgbà, àgbà á rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì ronú sí i tó bá délé. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ní kí ará ìlú ká ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní mẹ́rin kó sọ ọ́ sínú páálí. Ẹ̀rù irú àwọn ọ̀tá yìí ló ń ba àwọn tó ń ṣe àpéjọ wa tí wọ́n fi fi ọ́ jọba.

Toò. Akéwì kì í ki ọba kó lọ lọ́wọ́ òfo, mo fẹ́ gba ẹ̀bùn mi. Kí wọ́n fa òwú bíró yẹn gùn. Kí wọ́n gbé àga kan sórí ìtàgé lọ́jọ́ ìkẹyìn, kí alága jókòó lé e, kí wọ́n fún èrò ní máíkì tí kì í hó. Kí ẹnìkan máa kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n lẹ ẹ́ mọ́ géètì, èyí tí wọ́n ṣe àti èyí tí agbára wọn kò ká. Kí wọ́n sì pe ìpàdé náà sí aago méjì ọ̀sán, kì í ṣe aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀sì Ore tó kẹ́yìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ Ìyanu.