Àlejò Oṣù Kejìlá, Ẹ Yà sí Ailegun

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun bá ti ń pè láti béèrè iye tí pọ́n-ùn kan dé, ẹ mọ̀ pé ìwé ìtọ́nisọ́nà náà ti jáde nìyẹn: ibi tí wọ́n ti ń jẹun l'Ékòó, ibi tí wọ́n ti ń mutí, ibi tí wọ́n ti ń wòran. Mo ka ọ̀kan láìpẹ́ yìí. Látòkè délẹ̀, kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí kò sí lódìkejì afárá. Ìkòyí, Victoria Island, Lẹ́kí, ó parí. Ẹni tí kò mọ Èkó tó bá kà á á rò pé erékùṣù ni gbogbo wa ń gbé, àti pé àwa tó kù sẹ́yìn afárá, ńṣe ni wọ́n kàn kó wa síbẹ̀ kí ilẹ̀ má baà ṣófo.

Bẹ́ẹ̀, bàálù kì í balẹ̀ sí Lẹ́kí. Pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1979, tí wọ́n wo ti Schiphol ní Amsterdam kọ́, ẹ̀yìnkùlé wa ló wà. Bàálù tó bá gba orí òrùlé Ìsọlọ̀ wọlé máa ń fò wálẹ̀ débi pé ẹni tó ń sá aṣọ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè juwọ́ sí àlejò. Àlejò ò ní juwọ́ padà. Bó bá ti balẹ̀ tán, á gbé gíláàsì mọ́tò sókè, á ti ilẹ̀kùn pa, á di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà gba Òṣòdì kọjá. Á lọ jókòó sínú gósìlò lórí Third Mainland, afárá tó gùn ní kìlómítà 11.8, kó lè lọ jẹ ìrẹsì ọ̀fadà tí wọ́n gbé sínú abọ́ dúdú fẹ̀ǹgẹ̀. Obìnrin tó sè é, Èjìgbò ló ń gbé. Aago mẹ́rin ìdájí ló ti wọ bọ́ọ̀sì kúrò nílé.

Lẹ́yìn oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìròyìn jáde pé owó tó ti ara fàájì tí wọ́n ń pè ní Detty December wọ Èkó lé ní mílíọ̀nù 71 dọ́là. Ailegun, àdúgbò wa, ń retí ìpín tirẹ̀. A ò tíì rí i. Ó lè jẹ́ gósìlò ló dá a dúró.

Mo ti gba iṣẹ́ àwọn tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ ṣe láìgbowó. Ailegun ò jìnnà, ẹ̀gbẹ́ Bucknor ló wà, níbi tí Èjìgbò àti Ìsọlọ̀ ti ń fi èjìká kan ara wọn. Ẹ̀yin àlejò, ó yá.

Ẹ̀wà àgànyìn ni oúnjẹ àárọ̀. Àwọn Àgànyìn tó ti apá Kùtọnú àti Tógò wá ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣe é: kí wọ́n sè é títí á fi rọ̀ pátápátá, kí wọ́n fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n wá da ata tí wọ́n dín nínú epo lé e lórí, èyí tí wọ́n dín dín dín títí tó fi dúdú. Ohùn ẹni tó ń tà á máa ń dé àdúgbò ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Ẹ ra búrẹ́dì Agége, ẹ là á láàárín, kí wọ́n rọ ẹ̀wà sí i. Ẹ má retí àga. Ìdúró la fi ń jẹ ẹ́.

Tó bá di ọ̀sán, ẹ wá ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwà bá tò sí jù. Àwọn òyìnbó ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n ilé oúnjẹ, kẹ̀kẹ́ làwa fi ń díwọ̀n tiwa. Kẹ̀kẹ́ méjì, oúnjẹ ibẹ̀ ṣeé jẹ. Kẹ̀kẹ́ márùn-ún, ẹ yà. Bí ẹ bá wá rí táńkà tó ń lọ gbé epo ní dípò NNPC l'Éjìgbò, tí awakọ̀ rẹ̀ páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láìbìkítà fún àwọn LASTMA tó ń darí ọkọ̀, ẹ wọlé kíá kí ògúnfe tó tán.

Kò sí ìwé oúnjẹ níbẹ̀. Ẹnu ìyá alámàlà ló wà, kì í sì í kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣàkì, rọ́ńdọ̀, pọ̀nmọ́, ògúnfe, èwo lẹ fẹ́?" Bí ẹ bá dúró ronú, ẹni tó wà lẹ́yìn yín ti ń jẹun. Ẹ wo ọwọ́ ìyá náà dáadáa. Igbá kékeré kan ló mú dání. Á tì í bọ omi, á fi bu àmàlà nínú kúlà, á yí i lẹ́ẹ̀kan, ó ti yọ́ bọ́ sínú abọ́, ó ń tàn, ooru ń yọ lára rẹ̀. Bó bá bu ogún, kò sí èyí tó fi ohunkóhun tóbi ju èkejì lọ, kò sì wo ọ̀kankan nínú wọn, torí ẹnì kan tó jẹ ẹ́ ní gbèsè lánàá ló ń bá wí. Ewédú tẹ̀ lé e, gbẹ̀gìrì tẹ̀ lé e, ọbẹ̀ ata wá jókòó sórí méjèèjì. Abọ́ náà, wọ́n fọ̀ ọ́. Ẹ má béèrè iye abọ́ tí omi náà ti fọ̀ ṣáájú.

Ọmọ àǹtí mi kan tó ti London wá lọ́dún tó kọjá dé ibẹ̀, ó fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé gluten wà nínú rẹ̀?"

Ìyá ní, "Ó wà, ọmọ mi. Ti èló ni kí n fi sí i?"

Ní ti ọtí, mo gbọ́ pé lódìkejì afárá lọ́hùn-ún, ẹni tó ń po ọtí pọ̀ máa ń fi ewé tútù kan sórí ife, á sì gba owó tí wọ́n fi ń san owó ilé. Tiwa wà ní ibùdókọ̀, ìyá alágbo ni. Ìgò tò lórí tábìlì rẹ̀, egbò àti èèpo igi wà nínú oníkálukú. Kò ní bi yín ní adùn tí ẹ fẹ́, àìsàn tó ń ṣe yín ló máa béèrè. "Jẹ̀dí ni àbí ọ̀pá ẹ̀yìn?" Bí ẹ bá ní ara yín le, á wò yín látòkè délẹ̀, á ní irú èyí gan-an ló burú jù, á bu àpòpọ̀ fún yín. Bó bá di alẹ́, tí ẹsẹ̀ yín ṣì gbé yín, ẹ gba Ago Palace lọ, níbi tí wọ́n ti máa ń jẹ́ kéèyàn fi ìka yan ẹja àrọ̀ láàyè nínú omi kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọbẹ̀ ata.

Ìran wíwò ló kàn. Ẹ gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Òṣòdì, ẹ dúró sáàárín, ẹ wolẹ̀. Àwọn ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta tí Ààrẹ Buhari wá ṣí lóṣù Kẹrin ọdún 2019 nìyẹn, wọ́n dúró ṣánṣán. Àwọn dánfó wá nìyẹn nísàlẹ̀, lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń pe èrò níbi tí bàbá wọn ti ń pè é. Kò síbi tí ẹ ti lè ya ìjọba àti ìlú sínú fọ́tò kan ṣoṣo bíi tibẹ̀. Ẹ sì rántí pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Ohunkóhun tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá yín lulẹ̀ níbẹ̀, tó ní táyà méjì, tó gbé èèyàn mẹ́ta, kì í ṣe ọ̀kadà.

Ibì kan wà tí n ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun n'Íkẹjà. Àwọn èèyàn gbé ọmọ, wọ́n ń sá, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Nígbà tí wọ́n dé Òkè-Afá, ilẹ̀ ti ṣú, ewé omi ti bo ojú kánáà, ọ̀pọ̀ rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ náà lọ lé ní ẹgbẹ̀rún, ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Ibi ìrántí wọn wà níbẹ̀, kò jìnnà sí wa. Nínú gbogbo ìwé ìtọ́nisọ́nà tí mo ti kà, n ò rí ọ̀kan tó dárúkọ rẹ̀. Ẹ yà síbẹ̀, ẹ ṣí fìlà.

Ẹ jẹ́ ká padà sójú títì. Mùsíọ́mù wà l'Óníkàn, mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed sí lọ́dún 1976 wà nínú rẹ̀, ó dáa. Ṣùgbọ́n tiwa tóbi jù ú lọ, kò sì ní géètì. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá, kí ẹ tẹ́tí sí kọ̀ńdọ́: "Five Star, wà á o!" Ilé iṣẹ́ aṣọ nìyẹn. Lásìkò kan, àwọn òbí wa ń jí lọ síbẹ̀, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń gbowó oṣù. Afprint náà wà nítòsí. Àwọn ẹ̀rọ dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ tú ká, ṣùgbọ́n kọ̀ńdọ́ ṣì ń sọ èrò kalẹ̀ síbẹ̀.

Aswani ló wá dùn mí jù nínú wọn. Ilé iṣẹ́ aṣọ lòun náà. Orúkọ rẹ̀ ti di ti ọjà báyìí, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń ná an n'Ísọlọ̀. Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀? Aṣọ ni. Òkìrìkà tí òyìnbó ti wọ̀ sú, tí wọ́n ń tú jáde nínú béèlì bí àwọn obìnrin ṣe ń ti ara wọn láti kọ́kọ́ ṣà á. Òfin ilẹ̀ wa sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kó aṣọ àlòkù wọlé, àmọ́ aṣọ ò mọ̀wé kà. Ọmọ àǹtí mi rí kóòtù kan níbẹ̀ tí ìwé pélébé ilé ìtajà kan ní Peckham ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, pọ́n-ùn mẹ́rin. Ó ná an títí, ó sì san ju pọ́n-ùn mẹ́rin lọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní London.

Mo ti fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n fi Ailegun sínú máàpù ìrìn-àjò afẹ́ wọn, àmọ́ mo tún inú rò. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á wá. Wọ́n á kun igi ní àwọ̀ funfun, wọ́n á gbé àga onírọ̀gbọ̀kú síwájú ìyá alámàlà, wọ́n á ní kó máa san owó àyíká, owó àmì ìtajà, owó ariwo. Ẹ̀wà àgànyìn á bọ́ sínú ife gíláàsì. Ẹ̀yin tí ẹ bá ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ṣe àṣírí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kẹ́ ẹ wá, nítorí Aswani, kẹ́ ẹ sì mú ṣéńjì dání. Ẹni tí kò bá mú un dání, kọ̀ńdọ́ á gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan títí tó fi máa sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà yẹn ló máa na owó kan ṣoṣo sí òun àti ẹlòmíì tí kò mọ̀ rí, á ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ pín in," bọ́ọ̀sì ti lọ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe so ọmọ àǹtí mi pọ̀ mọ́ bàbá kan tó gbé adìyẹ dání nìyẹn ní Bucknor, lójú oòrùn, tòun ti kóòtù lọ́rùn. Wọ́n bẹ oní-POS, kò ní ṣéńjì. Wọ́n bẹ oníbúrẹ́dì, kò ní. Ìyá alámàlà ní owó kún àpò ìdí òun, ṣùgbọ́n òun kì í ṣẹ́ owó fún ẹni tí kò tíì jẹun. Ìgbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, bàbá ń béèrè rọ́ńdọ̀ kún ẹran, ọmọ àǹtí mi ń lá ọwọ́, adìyẹ wà lábẹ́ tábìlì, wọn ò sì tíì pín owó kankan.