Ẹ Gbà Mí o, Wọ́n Ti Sọ Tíì Mi Di Àgbo

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ mọ adùn, ẹ dákun ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí tí mo bá rò ó fún àwọn ará ilé mi, wọ́n á ní bàbá ti ń darúgbó.

Tíì ni mò ń wí o. Kò yẹ kí n máa júwe tíì fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n bí ayé ṣe dà yìí, ó ti di dandan. Omi tó hó yaya. Lipton kan, tàbí Milo ṣíbí mẹ́ta, kó ga lórí ṣíbí bí àpáta Olúmọ. Mílíìkì alágolo tí a fi ìṣó lu ní ojú méjì, ọ̀kan fún mílíìkì, ọ̀kan fún atẹ́gùn. Hóró ṣúgà mẹ́rin (ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ń mu mẹ́rin). Lẹ́yìn náà búrẹ́dì, tí èèyàn á máa rì bọ̀ ọ́ títí bọ́tà á fi máa léfòó lójú rẹ̀. Ohun tí mo fi ọdún 35 mu kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn, mo sì ti pinnu pé tí mo bá fẹ̀yìn tì, màá máa mu ún lórí ìjókòó, láìwo aago.

Ìjókòó kẹ̀!

Mo lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Dókítà wo ìwé, ó ní, “Bàbá, ṣúgà yín fẹ́ máa gòkè díẹ̀. Ẹ dín in kù.” Ẹ dín in kù! Ó tán, kò fi nǹkan kan kún un. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi tó bá mi lọ, ìwàásù wákàtí méjì ni etí tiẹ̀ gbọ́. A ò tíì bọ́ bàtà tán tó ti kó Milo, ó kó mílíìkì, ó kó páálí ṣúgà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó kó gbogbo ẹ̀ fún aládùúgbò. Lọ́jọ́ kejì aládùúgbò náà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé gan-an sà, tíì yẹn dùn.” Ó mu tíì mi tán, ó tún ní kí n gba ọpẹ́!

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń da igbó sí mi lọ́fun. Lónìí ewé tíì àti gírín-tíì, lọ́la atalẹ̀, lọ́túnla mòríńgà tó ń rùn bí ìgbà tí wọ́n ro oko. Ẹ ti tọ́ zobo tí kò ní ṣúgà wò rí? Ìṣápá ni o, ìbátan èyí tí ìyá mi fi ń se ẹ̀gúsí, òun ni wọ́n sè tó pọ́n fòò tí wọ́n gbé síwájú mi láìsí nǹkan kan nínú ẹ̀. Eyín mi kan títí di alẹ́, mi ò lè jẹ ẹran.

Ti ewé tíì yẹn ló dùn mí jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀. Lẹ́yìn balùwẹ̀ wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ ló máa ń hù, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, kò sẹ́ni tó ka á sí. Tí ibà bá mú mi, ìyá mi á já a, á fi dóńgóyárò àti ewé mángòrò sí i, á sè é, á fi itan há mi mọ́lẹ̀, á dì mí nímú, á sì rọ ọ́. Ó ń korò bí jogbo! Ìdí tí mo fi kàwé nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Owó oṣù mi àkọ́kọ́, agolo Milo ni mo fi rà, mo gbé e sórí tábìlì, mo ní èmi àti àgbo ti parí. Àṣé ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi! Ewé ẹ̀yìn balùwẹ̀ kan náà ló dé yìí, wọ́n wọ aṣọ funfun fún un, wọ́n fi òwú sí i nídìí, wọ́n tẹ òdòdó sára páálí ẹ̀, owó ẹ̀ sì tó ra kíréètì ẹyin. Nítorí owó yẹn, Ìyá Ìbejì kì í lò ó lẹ́ẹ̀kan. Á fi kọ́ ọrùn ẹ̀rọ omi kó gbẹ, á tún lò ó lọ́la, á tún lò ó lọ́túnla, títí tí ohun tí mò ń mu á fi di omi gbígbóná tó kàn ń rántí ewé.

Mo ní kí Ìdòwú gbà mí. Ẹ̀yin náà mọ Ìdòwú tó tẹ̀lé ìbejì. Ó yọ fóònù, ó ní, “Dádì, igi kan náà ni wọ́n ti ń já Lipton àti gírín-tíì tí ẹ ń sá fún. Èyí tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí títí ló ń dúdú, èyí tí wọ́n bá tètè yan lórí iná ló ń tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ń gbìn ín ní Mambilla, ní Taraba. Àmọ́ zobo, atalẹ̀ àti ewé tíì, wọn kì í ṣe tíì rárá, wọn ò wá láti ara igi yẹn.” Háà! Mo fò sókè! Mo ní, “Ìyá Ìbejì, ṣé o gbọ́? Wọn kì í ṣe tíì!” Mi ò tíì balẹ̀ tí ọmọ náà tún fi la ẹnu, “Milo náà kì í ṣe tíì, Dádì. Kòkó wà nínú ẹ̀. Ọsirélíà ni wọ́n ti ṣe é jáde lọ́dún 1934.” Ta ló bi í?

Kò ì tíì tán. Pásítọ̀ wá kí wa, ni Milo bá yọ! Mílíìkì yọ! Mi ò mọ ibi tí wọ́n fi pamọ́ sí. Àlejò ń mu Milo nínú ilé tí mo fi owó ara mi kọ́, onílé ń mu koríko, bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó tí mò ń wo ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀pù pásítọ̀ bí ọmọdé tó ń retí ìṣẹ́kù.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ lọ sọ́dọ̀ mái ṣáì tó ń po tíì ní oríta nìyẹn. Tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́, màá ní mo fẹ́ lọ ra káàdì fóònù. Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́! Á gbé kọ́ọ̀pù kan sókè, á gbé ìkejì sísàlẹ̀, á máa da tíì láti òkè bọ̀ nísàlẹ̀, á gùn bí okùn, ẹ̀kán kan ò ní kán sílẹ̀, á wá hó ìfófòó lójú. Alhaji ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí mi sí. Ó wù mí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìgbádùn náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, èmi nínú agbádá, Ìyá Ìbejì nínú gèlè, ni mái ṣáì bá kígbe láti òdìkejì títì, “Alhaji! Ẹ kò wá lánàá! Mo tọ́jú mílíìkì yín, méjì-méjì!”

Ìyá Ìbejì ò wò mí. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Málàmù.” Ó ń bá ìrìn ẹ̀ lọ.

Bí a ṣe délé, ó wọ ilé ìdáná, mo sì gbọ́ tó ń já ewé. Nígbà tó jáde, kọ́ọ̀pù kan ló gbé wá, ohun tó wà nínú ẹ̀ dúdú.

“Ìyá Ìbejì, kí lèyí?”

“Tíì ni, Bàbá Ìbejì.”

Mo gbóòórùn ẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti gbóòórùn yẹn gbẹ̀yìn. Dóńgóyárò! Mo ní màá mu ún tó bá tutù. Kò dáhùn. Ó dúró tì mí síbẹ̀, ó ń wo imú mi.