Ìjàpá Tó Gbé Òdo Lọ Sáàfin

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, nígbà tó ń ṣe ọ̀gá òṣìṣẹ́ ní Bash, ìlú àṣẹ kọ̀ǹpútà tí Brian Fox tẹ̀ dó lọ́dún 1989.

Nílùú yìí, ẹni tó bá ránṣẹ́ á jókòó títí iṣẹ́ á fi parí, àfi tó bá so & mọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni ìránṣẹ́ á gba ẹ̀yìnkùlé lọ, tọ̀gá á máa ṣe tirẹ̀. Ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà. Bó bá dé, á jábọ̀: òdo túmọ̀ sí pé iṣẹ́ yọrí, nọ́ńbà mìíràn, wàhálà ni. (Ìlú tí òdo ti ń jẹ́ àṣeyọrí, ẹ ò rí i pé ìlú Ìjàpá ni!)

Kìnnìún ọba ní kí wọ́n ṣe àdàkọ fáìlì ààfin. Ìjàpá rán Ehoro, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ìgbín, ó so & mọ́ ìdí oníkálùkù. Yánníbo ní, "Baálé mi, nọ́ńbà ẹni tẹ́ ẹ rán kẹ́yìn nìkan ló ń wà nínú $!. Ẹ máa kọ wọ́n sílẹ̀." Ìjàpá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó pe wait, àṣẹ tó ń dúró de àwọn ìránṣẹ́, àmọ́ kò dárúkọ nọ́ńbà kankan fún un, ó nà gbalaja, ó ń kọrin:

Lílé: Mo rán Ehoro níṣẹ́ ọba
Ègbè: Òdo ni, òdo
Lílé: Ọ̀kẹ́rẹ́ ń bọ̀ lọ́nà
Ègbè: Òdo ni, òdo
Lílé: Ó ṣe é o, kò ṣe é o
Ègbè: Òdo ni, òdo!

Ehoro bá dísíìkì tó ti kún, ó jábọ̀ 1. Wọn ò jẹ́ kí Ọ̀kẹ́rẹ́ wọ yàrá fáìlì, òun náà jábọ̀ 1. Ìgbín wọ́ títí, òun nìkan ló ṣe tirẹ̀ yanjú. Àmọ́ wait tí wọn ò fún ní nọ́ńbà, kí gbogbo wọn ṣáà ti dé ni tirẹ̀; òdo náà ló máa mú jáde. Ìjàpá gbé òdo lọ sáàfin, wọ́n lùlù fún un, wọ́n fi í joyè.

Kò pẹ́, èkúté jẹ fáìlì ọba. Wọ́n wo ibi àdàkọ: ti Ìgbín nìkan ló wà níbẹ̀.

Ìjàpá ní, "Kábíyèsí, ẹ ní kí n dúró dè wọ́n, mo dúró. Ẹ ò ní kí n bi wọ́n léèrè."

Kìnnìún ní kó mú nọ́ńbà wọn wá. Ti Ìgbín ló kù nínú $!. Ìjàpá sáré gbé e fún wait. Ṣùgbọ́n wait àkọ́kọ́ ti gbàgbé gbogbo wọn pátá, ló bá dáhùn 127: kì í ṣe ọmọ ilé yìí.

Ìgbín figbe ta látẹ̀yìn: "Ta ni kì í ṣe ọmọ ilé yìí? Owó iṣẹ́ mi ńkọ́?"