Ọ̀gbẹ́ni Tó Fi ₦600,000 Ra Ìdákẹ́jẹ́ẹ́

Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní New Haven, nílùú Enugu, tó gbà pé òun gbọ́n ju oníṣòwò lọ. Ọmọ Òṣogbo ni, iṣẹ́ ló gbé e dé ilẹ̀ Ìgbò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi ìpàdé àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kó sì tẹ gbogbo ohun tó bá gbọ́ sójú ìwé, ọ̀rọ̀ kan ò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀. Èmi ni ọ̀gbẹ́ni náà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, níbi tí ojú bá ti tì mí jù nínú ìtàn yìí, "ọ̀gbẹ́ni náà" ni n ó máa pe ara mi, kí n lè jókòó sápá kan kí n bá yín fi í ṣẹ̀rín.

Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ò lè máa gbé láàárín ariwo, àárín ariwo gan-an ni mo sì ń gbé. Ìdílé mẹ́fà ló wà nínú ọgbà wa, jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà. Ẹ rántí pé ìlú èédú la wà yìí o, ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú ní 1915, tí èédú rẹ̀ gbé ọkọ̀ ojú irin rìn. Síbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ la fi ń ríran lálẹ́. Ẹ̀rọ ìlọta wà lẹ́yìn ògiri. Lódìkejì títì, ilé ìjọsìn kan kọ ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ sí fèrèsé mi. Bó bá sì di aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, màmá ọlọ́kpa á gbé abọ́ rẹ̀ lérí dé: "Ọkpa di ọkụ!" Ọkpa gbígbóná ló ń polówó, mọ́ínmọ́ín ilẹ̀ Ìgbò tí wọ́n fi ẹ̀pà roro sè. Ó dùn gan-an, mi ò bá màmá jà lórí ìyẹn. Ohùn rẹ̀ ni mi ò fẹ́.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló ní kí n lọ ra hẹ́ẹ̀dífóònù ńlá, irú èyí tó ń bo gbogbo etí, tí kò ní wáyà, tó sì ń mú ariwo kúrò létí. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ó ní òun mọ ìsọ̀ kan, pé bí mo bá ti dé Otigba kí n pe òun. Ọ̀gbẹ́ni náà ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ta ló ń júwe Ọ̀tìgbà fún ẹni tó ti gbé Ìkẹjà rí? Ní Èkó, òpópónà Ọ̀tìgbà ni Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà àti fóònù, wà, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó sọ̀ ní Otigba Junction, ó sì ń retí àwọn ọmọkùnrin tí yóò fa òun láṣọ pé kí lẹ fẹ́ rà, bùrọ̀dá. Oríta ló bá. Ọkọ̀ ń yí po, kẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè, kò sí ẹni tó fa aṣọ ẹnikẹ́ni. Ó rìn yí oríta náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá tó ń darí ọkọ̀ níbẹ̀ bi í ohun tó ń wá. Ó ní Computer Village. Ọ̀gá náà ní Èkó nìyẹn wà, ó sì nawọ́ sí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ wọkọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí ìsọ̀ kan nínú ọjà kan láàárín ìlú. Oníṣòwò ibẹ̀ gbé páálí dúdú kan jáde, wọ́n kọ Sony WH-1000XM4 sí i lára, ó ní ₦38,000 ni. Èyí tí ilé iṣẹ́ Sony gan-an gbé jáde ní 2020, dọ́là 350 ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á ti mọ̀ pé ₦38,000 kò lè bá a tan. Ọ̀gbẹ́ni náà mọ ìṣirò. Ó kàn rò pé oníṣòwò náà ni kò mọ̀ ọ́n ni.

Ó ní òun fẹ́ dán an wò. Wọ́n fi orin sí i, wọ́n fi bò ó létí. Jẹnẹrétọ̀ bíi mẹ́wàá ló ń bú ramúramù níwájú àwọn ìsọ̀. Oníṣòwò ní kó tẹ bọ́tìnnì tó wà lápá òsì. Ó tẹ̀ ẹ́. Iná kékeré aláwọ̀ aró tàn, jẹnẹrétọ̀ kan sì dákẹ́. Òmíràn dákẹ́. Kó tó ka ẹyọ márùn-ún, gbogbo ọjà ti pa lọ́lọ́, orin nìkan ló kù. Omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó rí i tí àwọn ọmọ ọjà ń fò sókè tí wọ́n ń ju ọwọ́, ó rò pé wọ́n ń bá òun yọ̀. Kò ná an. Ó sanwó lójú ẹsẹ̀, ó bọ́ síta, ìgbà tó ṣí etí kan ló gbọ́ ohun tí wọ́n ń pariwo: "Up NEPA!"

Iná ni wọ́n mú dé.

Nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tẹ bọ́tìnnì yẹn nígbà mẹ́tàlá. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé ó ń tan iná aláwọ̀ aró.

Ohun tí bọ́tìnnì gidi ń ṣe kì í ṣe idán. Ìró jẹ́ ìgbì inú afẹ́fẹ́, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Máìkì kéékèèké tó wà lára hẹ́ẹ̀dífóònù ń gbọ́ ariwo tó ń bọ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á sì ṣe ìgbì mìíràn tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀: níbi tí ti àkọ́kọ́ ti gòkè, tirẹ̀ á sọ̀. Bí méjèèjì bá pàdé lẹ́nu etí, wọ́n á pa ara wọn. Ará Jámánì kan, Paul Lueg, ló gba ìwé àṣẹ lórí èrò yìí ní Amẹ́ríkà ní 1936, ó ku ẹ̀rọ tó máa lè ṣe é. Ní 1978, Amar Bose, ọ̀jọ̀gbọ́n MIT tó dá ilé iṣẹ́ Bose sílẹ̀ ní 1964, wọ bàálù láti Zurich padà sí Amẹ́ríkà. Wọ́n fún un ní hẹ́ẹ̀dífóònù, ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kó gbádùn orin inú rẹ̀. Bàbá fa ìwé yọ, ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò lójú òfuurufú. Nígbà tí Dick Rutan àti Jeana Yeager fi ọkọ̀ òfuurufú Voyager yí ayé po fún ọjọ́ mẹ́sàn-án láìbalẹ̀ rárá, ní oṣù Kejìlá 1986, iṣẹ́ ọwọ́ Bose ló ń ṣọ́ etí wọn. Ọdún 2000 ni QuietComfort, hẹ́ẹ̀dífóònù Bose tó ń mú ariwo kúrò, dé ọwọ́ èrò ọkọ̀ lásán.

Ẹ fọkàn sí i: ariwo ẹ́ńjìnnì bàálù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Èmi ò fọkàn sí i.

Lọ́dún 2024, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń bọ̀ láti London. Mo ní kó bá mi ra ojúlówó, pọ́n-ùn 300. Nǹkan bí ₦2,000 ni pọ́n-ùn kan nígbà yẹn, ẹ ṣe é ní ìṣirò: ₦600,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Enugu kéde lọ́dún náà, ₦80,000 ni. Ẹni tó ń gba iye yẹn á ṣiṣẹ́ oṣù méje àtààbọ̀, kò ní jẹun, kò ní wọ kẹ̀kẹ́, kó tó lè fi dí etí méjì. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ohun èlò iṣẹ́ ni. Ó ní àdá náà, ohun èlò iṣẹ́ ni, òun ò tíì rí àgbẹ̀ tó ta oko ra àdá.

Mi ò ní purọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn. Jẹnẹrétọ̀ mi jẹ́ irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour". Ẹ̀rọ kékeré yìí ń yí nígbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró rẹ̀ wúwo, ó sì ń lọ gbọọrọ bákan náà láti alẹ́ dé òwúrọ̀, ó fi bẹ́ẹ̀ jọ ti bàálù. Irú ìró yìí ni hẹ́ẹ̀dífóònù olówó ńlá fi ń ṣe oúnjẹ. Mo tẹ bọ́tìnnì, jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé mi di àwátì. Mo tún un tẹ̀, ó dé. Bí ọmọdé ni mo ṣe ń ṣe fún bíi wákàtí kan.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Iná dé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Gbogbo ará ọgbà pa tiwọn. Gílóòbù tí a fi ń mọ̀ pé iná dé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀gbẹ́ni náà sì wà nínú yàrá, ó ń tẹ̀wé, ó ń mi orí. Aago méjìlá kọjá kó tó rí i pé ilẹ̀kùn ń mì. Onílé ló dúró síbẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ayálégbé mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹnu gbogbo wọn ń lọ sókè sódò. Ohùn tó ń tẹ̀ sójú ìwé ló kún etí ọ̀gbẹ́ni náà, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó rò pé wọ́n wá bá òun yọ ayọ̀ nǹkan tuntun ni. Ó tẹrí ba, ó sì fi ohùn tí gbogbo àdúgbò gbọ́ sọ pé, "Daddy, ẹ ṣé o, London ni wọ́n ti rà á!" (Ẹ kíyè sí ẹni tó bá dí etí, kì í mọ̀ pé òun ń pariwo.) Bàbá náà fi ìka kan gbé etí ọ̀tún hẹ́ẹ̀dífóònù sókè, ó ní, "Pa jẹnẹrétọ̀ rẹ."

Epo bẹntiróòlù ti lé ní ₦1,000 lítà kan nígbà náà. Èyí tó jóná láti aago mẹ́sàn-án, n ò ṣírò rẹ̀ mọ́ ₦600,000, torí ẹ̀mí mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo wá mọ ohun tí mo rà. Jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń dún, mo tẹ bọ́tìnnì, ó pòórá. Aago mẹ́fà ààbọ̀ lù. "Ọkpa di ọkụ!" Ohùn màmá wọlé gbọnrangandan. Ó tiẹ̀ já gaara ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, torí jẹnẹrétọ̀ tó máa ń bò ó mọ́lẹ̀ ni mo ti fọwọ́ ara mi mú kúrò lọ́nà. Lọ́sàn-án, ìjọ òdìkejì títì bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ohùn pásítọ̀ náà wọlé. Ìró tó wúwo tó sì ń lọ bákan náà ni ẹ̀rọ yìí lágbára lé lórí. Ohùn èèyàn kì í dúró sójú kan. Ìró tínínrín inú rẹ̀, pátẹ́wọ́, fèrè kẹ̀kẹ́, wọ́n yára ju bí ẹ̀rọ ṣe lè bá wọn ṣe òdìkejì lọ. Tìmùtìmù etí ló kù tó lè bá wọn jà, ìyẹn ń dín wọn kù ni, kò lè pa wọ́n. Ohùn èèyàn sì ni ìṣòro mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibà ló ń ṣe mí, oògùn inú rírun ni mo lọ fi owó ilé rà.

Orin ńkọ́? Wọ́n máa ń sọ pé ti olówó ńlá ló ń dún dáadáa jù. Ní 2017, Jeroen Breebaart tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìró ní Amẹ́ríkà. Ó fi hẹ́ẹ̀dífóònù 283 wéra, bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn gíga àti ohùn ìsàlẹ̀ jáde àti iye tí wọ́n ń tà wọ́n, kò sì rí ohunkóhun tó so méjèèjì pọ̀. Owó lè gòkè, ìró a sì dúró síbi tó wà. Ohun tí owó náà ń rà ni ẹ̀rọ tó ń mú ariwo kúrò, àìsí wáyà, bátìrì, àti orúkọ tó wà lára rẹ̀. Nígbà tí Apple gbé AirPods Max jáde ní oṣù Kejìlá 2020, dọ́là 549 ni wọ́n pè é. Sony MDR-7506, oníwáyà, tó ti wà láti 1991, tí àwọn oníṣẹ́ rédíò àti sítúdíò ṣì ń lò, nǹkan bíi dọ́là 100 ni.

Àìsí wáyà náà sì ní tirẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà wà lórí ìlà ní báńkì kan, ó gbé hẹ́ẹ̀dífóònù rẹ̀ wọ̀ tìyì-tẹ̀yẹ, ó ní kí Sikiru Ayinde Barrister máa kọrin. Fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbọ́ ọ. Ó fi ohùn kún un. Fẹ́ẹ́rẹ́ náà ni. Ó fi kún un títí ó fi dé òpin. Kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà tó wà nínú báàgì ni Bluetooth so mọ́, pé fóònù ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló ń kọ fújì náà, tí gbogbo báńkì ti yíjú padà. Tìmùtìmù etí ti dín in kù fún un, ó rò pé inú hẹ́ẹ̀dífóònù ló ti ń wá. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló fọwọ́ kàn án. Mi ò tíì padà sí ẹ̀ka báńkì yẹn.

Ooru Enugu ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, ẹ jẹ́ ká fò ó. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé awọ tó wà lára tìmùtìmù etí kì í ṣe awọ gidi, òógùn ń jẹ ẹ́, ó sì ti ń bó.

Ìdájọ́ mi nìyí. Ẹni tó ń wọ bàálù lóṣooṣù, tàbí tó ń fi bọ́ọ̀sì òru rin Enugu sí Èkó, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ ọlọ́jà ń dún sí lórí láti àárọ̀ dalẹ́, yóò rí èrè owó rẹ̀, kó ra ti ọdún méjì sẹ́yìn tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀. Ẹni tí ohùn èèyàn ń dà láàmú, kó ra oníwáyà tó bo etí dáadáa, kó fi ìyókù san owó ilé. Oníwáyà ni mo fi ń ṣiṣẹ́ báyìí. Bí ẹ bá sì máa rà á lọ́jà, ẹ tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ẹ sì ní kí ọmọ kan dúró síta, kó juwọ́ sí yín bí iná bá dé.

Tèmi wà fún títà: ₦350,000, páálí rẹ̀ pé. Ìyàwó mi ló fowó lé e, ẹ má wulẹ̀ ná an.