Bí Ọ̀gá Ṣe Ń Pa Ọ̀rọ̀ Mọ́ Ọmọ Iṣẹ́ Lẹ́nu: Ìlànà fún Òmùgọ̀

Ká ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ jẹ dókítà àgbà ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ofosu, ìpínlẹ̀ Oǹdó. O kú oríire. Ọ̀nà tó ti Ore lọ sí Benin ń kọjá níwájú géètì rẹ, oko kòkó wà lẹ́yìnkùlé. Èrò ọkọ̀ tó fara pa lójú títì, ọmọ tí ibà gbé wá láti abà, aláboyún tí ọ̀kadà gbé dé lóru, ọ̀dọ̀ rẹ ni gbogbo wọn ń bọ̀. Ìyẹn ò tíì le. Ìgbà tó le ni ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ rẹ bá kanlẹ̀kùn, tó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ.” Ọlọ́gbọ́n a fún un ní àga, a gbọ́ ọ dé ìparí. Ìwọ kì í ṣe ọlọ́gbọ́n, ìdí nìyí tí a fi kọ ìlànà yìí fún ọ.

1. Wá ibi tí èrò pọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ yẹn, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí o gbé e dé. Nígbà tí àwọn ìyá ọlọ́mọ bá ti jókòó kún àga gbọọrọ, dúró sáàárín wọn, kí o pariwo: “Ìwọ yìí! Ṣé oorun lo wá sùn níbí ni?” Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ á ti dé ọjà. Kó tó di ọjọ́ kejì, kò ní sí aláìsàn tó máa gbà kí ọmọ náà gún òun lábẹ́rẹ́ mọ́. Ìwọ á wá máa ṣàròyé pé iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

2. Dá ẹjọ́ kí o tó gbọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìwọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: má gbọ́ ti ẹnì kankan. Ká ní obìnrin kan bímọ lóru, tí ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ọmọ iṣẹ́ rẹ gún un ní abẹ́rẹ́ oxytocin láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹ̀jẹ̀ ń dà síbẹ̀. Ó fẹ́ ṣàlàyé fún ọ pé iná kò sí fún ọjọ́ mẹ́ta, pé kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, pé abẹ́rẹ́ tó yẹ kó wà nínú fíríìjì, ní òtútù 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius, ti jókòó sínú ooru. Tó bá fi lè sọ ọ́ tán, ẹjọ́ á yí sọ́dọ̀ ẹni tó yẹ kó ra epo. Ìwọ ni. Nítorí náà, kó tó la ẹnu, kí o ti sọ pé: “Mo ti mọ ẹni tó jẹ̀bi.”

3. Fi ara jókòó, kí ọkàn rẹ jáde lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ojú ẹ̀, gbé fóònù. Wo iye tí wọ́n ń ra kòkó, dá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ lóhùn lórí WhatsApp, máa dá “ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n” sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá yọ lójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, wo aago. Ìdákẹ́jẹ́ léwu fún òmùgọ̀: bí o bá fi lè dákẹ́ díẹ̀, kí o wò ó lójú, ó lè sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀ gan-an. Má gbà. Já a lẹ́nu.

4. Fi ipò bò ó mọ́lẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò (CHEW) bá ní, “Dókítà, ibà ọkùnrin yìí kò gbọ́ oògùn. Ẹ jẹ́ ká fura sí ibà Lassa,” bi í pé: “Iléèwé ìṣègùn wo lo lọ?” Má jẹ́ kó rán ọ létí pé ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tí Lassa ń yọ lẹ́nu jù ní Nàìjíríà, tàbí pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Má sì jẹ́ kó dé ọ̀rọ̀ ọdún 1969, nígbà tí àìsàn yìí mú nọ́ọ̀sì Laura Wine ní ìlú Lassa, tí wọ́n gbé e lọ sí Jos, tó kú síbẹ̀, tí nọ́ọ̀sì Charlotte Shaw tó tọ́jú rẹ̀ náà sì kú tẹ̀lé e. Àwọn tó súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì jù ló máa ń kọ́kọ́ rí i, àwọn náà ló sì máa ń kọ́kọ́ fara gbá a. Kí ló wá kan ìwọ tó wà ní ọ́fíìsì?

Bó bá jẹ́ mátíróònù ló sọ̀rọ̀, ìjà NMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà, àti JOHESU ni kí o gbé dìde. Lọ́dún 2018, JOHESU tó kó nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn jọ daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹrin títí dé ìparí oṣù karùn-ún, lórí pé kí owó oṣù tiwọn náà gòkè bíi ti dókítà. Mú ìjà Àbújá wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Ofosu, kó le kú bí ìjà Ore ìgbà ogun abẹ́lé. Aláìsàn tó wà láàárín yín ni yóò ṣe agbẹjọ́rò.

5. Fi àdúrà òwúrọ̀ sọ̀kò ọ̀rọ̀. Òmùgọ̀ kì í bá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ sọ̀rọ̀. Ọlọ́run ló máa ń sọ ọ́ fún, kí onítọ̀hún lè gbọ́. “Baba, àwọn kan wà láàárín wa tó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Tú wọn fó!” Gbogbo ilé á ṣe àmín, ẹni tí o ń bá wí á sì ṣe é kíkankíkan jù. Lọ́sàn-án, gbé e sórí status: “Ẹni tó mọ ara ẹ̀, ó ti mọ ara ẹ̀.” Àwọn mẹ́ta tí kò ṣe nǹkan kan á bínú sí ọ. Ẹni tó ṣe é á tẹ “àmín” síbẹ̀ pẹ̀lú.

6. Bí ìyá ìkókó bá kú, wá ẹni tí o máa so ó mọ́ lọ́rùn. Láyé gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò, lẹ́yìn tí Abíyè, ètò ìtọ́jú aláboyún, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣòfin lọ́dún 2010 pé kí wọ́n máa wádìí ikú àwọn ìyá ní bòńkẹ́lẹ́, kí wọ́n lè mọ ohun tó pa wọ́n, kì í ṣe ẹni tí wọ́n máa fìyà jẹ. Ẹni tí ẹ̀rù ìyà ń bà kì í sọ òótọ́, ohun tí wọ́n rí nìyẹn. Ìwọ, bá wọn dà á rú. Níbi ìpàdé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o bi wọ́n: “Ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́?” Bí gbogbo wọn bá ń wolẹ̀, ní iṣẹ́ ayé ni. Ayé kì í yọjú sí ìpàdé, kò sì ní bi ọ́ léèrè owó epo jẹnẹrétọ̀.

Èrè rẹ. Ṣe báyìí fún oṣù mẹ́fà, gbogbo ilé á pa rọ́rọ́. O ti gun Òkè Ìdànrè rí? Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni èèyàn máa gùn kó tó rí ìlú àtijọ́ tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀ sọ̀ kalẹ̀: ààfin wà, ilé wà, ohùn kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ á ṣe rí. Ẹnikẹ́ni kò ní kanlẹ̀kùn mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ibà á dá ìwọ náà wó. Bẹ́ẹ̀dì inú wọ́ọ̀dù rẹ ni wọ́n máa tẹ́ ọ sí, ọmọ tí o bú níwájú àwọn ọlọ́mọ ni yóò sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru. Dókítà tuntun á kọ oògùn kan fún ọ, èyí tí ara rẹ kì í gbà. Ọmọ náà á ka káàdì, á rí i. Á wo ojú dókítà, á wo tìrẹ. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ ló ti kọ́ṣẹ́.

“Ó dáa, sà,” ni yóò wí, yóò sì lọ fa abẹ́rẹ́.