Ìlànà fún Ọ̀dẹ̀ Tó Fẹ́ Sọ Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Di Ti Géèmù

Má ṣí kọ̀ǹpútà rẹ wò kó o tó jáde nílé. Ẹni tó bá ṣí i á rí i pé OptiPlex 790 tòkunbọ̀ ni, èyí pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe ní 2011 fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, pé páwà inú rẹ̀ kò ju wáàtì 240 lọ. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dín ayọ̀ ọjà kù. Kó gbogbo owó tó o tù jọ sápò, kó o forí lé Kọ̀ǹpútà Fílééjì n'Íkẹjà.

Bó o bá dé òpópónà Ọ̀tígbà níbẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó bá fà ọ́ lọ́wọ́ ni kó o tẹ̀ lé. Má bi í bóyá òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ó kúkú ti pè ọ́ ní "Bọ̀ọ̀dá mi", ẹ ti di ẹbí nìyẹn. Sọ fún un pé gráfíìsì káàdì tó tóbi jù nínú igbá lo fẹ́. Bí olóòótọ́ kan bá wà níbẹ̀ tó bi ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú páwà wo lẹ ń lò?", dá a lóhùn pé NEPA ni.

Ra RTX 3080. Òun nìkan á máa jẹ wáàtì 320 nínú ilé tí gbogbo oúnjẹ ibẹ̀ jẹ́ 240, tí prósẹ́sọ̀ àti díìsìkì sì ti jókòó ti abọ́ kó tó dé. NVIDIA tó ṣe é ní kó o ní páwà wáàtì 750, ṣùgbọ́n ta ní mú NVIDIA mọ ilé yín? Wáyà tí káàdì náà ń bèèrè kò sí lára páwà tìrẹ. Ní kí wọ́n bá ọ so òmíràn mọ́ ọn, kí wọ́n fi téèpù dì í. Káàdì náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 28, àpótí rẹ kò sì gbà ju káàdì kúkurú lọ. Ayùn irin kò wọ́n. Àwọn ojo ló ń ra GTX 1650 kúkurú, tí wáàtì 75 tó ń bọ̀ láti inú ihò mọ́dábọ́ọ̀dù tó láti bọ́ ọ yó.

Bí owó ò bá tó, wàá rí GTX 1050 Ti tí wọ́n ń ta ní iye tó ń pa ni lẹ́rìn-ín. Ihò VGA aláwọ̀ búlúù wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn alámọ̀tán á ní NVIDIA ti yọwọ́ nínú VGA láti ìgbà ìran káàdì yẹn, pé GTX 550 Ti àtijọ́ ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Wọ́n á ní kó o fi ètò GPU-Z yẹ̀ ẹ́ wò, torí ó máa ń kọ FAKE síwájú orúkọ irú káàdì bẹ́ẹ̀. Ìwọ má dá sí i. Kí ni ti títú àṣírí ọmọ ọlọ́mọ lójú ọjà?

Ó ku prósẹ́sọ̀. Pínnì 1155 ni tìrẹ, èyí tí wọ́n gbé sọ́wọ́ ẹ jẹ́ 1151. Mẹ́rin péré ló fi dín! I7-2600 tí ì bá wọ ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ti darúgbó, má wò ó.

RAM: DDR3 ni ihò ń fẹ́, ra DDR4, kó o fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. (Mo ti tẹ̀ ẹ́ rí. Má bi mí bó ṣe parí.)

SSD ńkọ́? Òun ni ì bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta jí ti máa jí kó o tó pọn omi tán, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní fáànù, kò ní iná aláwọ̀ méje. Ta lo fẹ́ fi hàn?

Nílé, tọ́jú RAM àti prósẹ́sọ̀ tó kọ̀ láti wọ ihò wọn sínú dúrọ́ọ̀, kó o tan ẹ̀rọ. Fáànù á yí, iná á tàn, géèmù á ṣí. Níbi ìbọn àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ á kú pi, òórùn kan á sì jáde. Bí ìyá rẹ bá pariwo láti pálọ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀, sọ pé, "Ẹ má dààmú, Mọ́mì, NEPA ni." Má wo ti tẹlifíṣọ̀n tó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wọn.